Fíìmù Tí Kérésìmesì Wà Nínú Rẹ̀

Lọ́dún tí bàbá mi ra fídíò, òfin ló kọ́kọ́ tẹ̀lé e wọlé. Ká tó já páálí rẹ̀ tán ni wọ́n ti kéde pé lọ́jọ́ Kérésìmesì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo fíìmù kankan nínú ilé àwọn ní Bódìjà, àfi fíìmù Kérésì. Díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama. Díákónì àti ọ̀gá yìí jọ ń gbé inú agbádá kan ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fíìmù Kérésì. Ọkùnrin tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà ní Ring Road sọ fún ìyá mi pé bí òjò dídì bá ti wà nínú ẹ̀, Kérésì ni. Ìyá mi gbà á gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà, òwú la máa ń lẹ̀ mọ́ igi Kérésì kó lè jọ òjò dídì, àwa tí ọyẹ́ ti la ètè wa tán, tí a kò rí òjò dídì rí àfi lára káàdì. Kọ̀mítì kan wà fún òwú yẹn. Bàbá mi ni alága.

Ní ti bàbá mi, dandan ni kí wọ́n bí ọmọ kan sínú fíìmù náà. Òfin ti ìyá mi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu ko ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a ti ń wo fíìmù olójò-dídì tí ìyá mi háyà wá tí ọkùnrin kan fi di obìnrin kan mú lábẹ́ igi Kérésì. Ìyá mi fúnra wọn ló dìde pa fídíò náà.

Èmi náà ní fíìmù tèmi. Mo yá a lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi kan ní Agbowó, fíìmù oníjà láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹ má rò pé ìjà ló wù mí. Bàbá mi ni mo ń wá. Lọ́dọọdún, tí ìsìn Kérésì bá parí, wọ́n á jẹ ìrẹsì ìdajì àwo, wọ́n á padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ ṣèpàdé aago mẹ́rin, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, n kò sì rántí Kérésì kan tí wọ́n jókòó tì wá. Ó ń dùn mí gan-an. Mo sì mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tó lè dá wọn dúró ni ẹjọ́ tó ta kókó.

Lọ́jọ́ Kérésì yẹn, wọ́n ti mú Bíbélì àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nígbà tí mo ko wọ́n lójú ọ̀nà.

"Dádì, bí wọ́n bá bí ọmọ kan sí ilé ẹran, tí ọba burúkú fẹ́ pa á, tí ìyá ẹ̀ gbé e sá lọ, ṣé Kérésì kọ́ nìyẹn?"

Wọ́n ní Kérésì ni. Mo ní ó wà nínú fíìmù mi. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ìwé dókítà wá lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n wá ní àwọn á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹ̀ ẹ́ wò, lórí ìdúró.

Alhájì tó ń gbé òdìkejì ilé wa ti wà níjòókòó. Ará ìlú wa ni wọ́n, láti Òkè-Ògùn, wọn kì í fi ìrẹsì Kérésì wa ṣeré, àwa náà kì í fi ẹran Iléyá wọn ṣeré. Bàbá mi fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí. Lóòótọ́ ni wọ́n bí ọmọ náà sí ilé ẹran, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Bàbá mi ní kò sí ẹlẹ́dẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Gbogbo wa wojú Alhájì.

"Díákónì, ẹ jẹ́ ó kọjá," ni Alhájì wí. "Ẹran ṣáà ni."

Nígbà tí ìyá ọmọ náà kú, bàbá mi fìdí lé apá àga. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, Bíbélì ti wà lórí tábìlì, fìlà ti wà lórí Bíbélì. Àwọn àti Alhájì ń kìlọ̀ fún un pé kó wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, àwọn ọ̀tá ẹ̀ sì nà án.

Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni Pásítọ̀ dé. Ìpàdé kò lè bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ bàbá mi tó jẹ́ alága ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé wà, àwọn ará ìjọ sì ti ń bẹ̀rù pé bóyá ara bàbá mi ò yá. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ náà ń ta ọkùnrin mẹ́ta nípàá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé bàbá mi á dìde, á tọrọ àforíjì, á sì lọ.

Wọn ò dìde. "Pásítọ̀, ẹ jókòó," ni wọ́n wí. "Fíìmù Kérésì ni."

Pásítọ̀ wo Alhájì. Alhájì mi orí bí ẹni tó búra ní kóòtù. Ìyá mi gbé ìrẹsì wá, nígbà tó ṣe, Pásítọ̀ rọra bèèrè èwo nínú wọn ni Hẹ́rọ́dù.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, bàbá mi fúnra wọn ló lọ sí Ring Road. Èyí tí wọ́n háyà bọ̀ kò ní àbùkù kankan: òjò dídì wà ńbẹ̀, wọ́n bí ọmọ, àwọn áńgẹ́lì kọrin, ẹnikẹ́ni kò fẹnu ko ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n wò ó títí, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kò sí Kérésì nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí n sáré lọ yá ti ilẹ̀ Ṣáínà wá ní Agbowó, kí n sì pe Alhájì bọ̀. Mo rán wọn létí ìpàdé aago mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn ti fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sọ́wọ́ Pásítọ̀ láti àárọ̀.