Adìyẹ Funfun Ìyá Raliat

Ẹnu mi ló kó bá mi. Bí kì í bá ṣe ẹnu, kí ló lè gbé èmi Túnráyọ̀, ìyá Bọ́lájí, ìyàwó Albert onírélùwéè, tí màá fi ru àgò adìyẹ la ọjà Sábọ̀n Gàrí Zaria já lọ́dún 1929?

Suwebat, ará ilé wa, ọmọ Ìlọrin, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá Raliat la máa ń pè é. Nígbà tó ń bá ọkọ rẹ̀ bọ̀ níbí, ìyá rẹ̀ fún un ní àkùkọ funfun kan àti àgbébọ̀ funfun méjì. Ó ní irú wọn ò gbọdọ̀ parun, kó mú ọ̀kan bọ̀ wá fún òun lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀ wálé. Suwebat dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn dúdú tó rà ní Zaria. Àmọ́ funfun làwọn èèyàn ń fẹ́ fi ṣe sàráà, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ ṣáá. Bí ọ̀kan bá ti dàgbà, ó ti lọ. Nígbà tó di ọdún kẹta, dúdú nìkan ló ń jẹ̀ lágbàlá.

Ni lẹ́tà bá dé pé ara ìyá ò yá, kó máa bọ̀ wálé lẹ́yìn oṣù kan. Suwebat bú sẹ́kún. Kí ni yóò mú lọ? Mo ní ká se ìyókù jẹ, irú ìyá rẹ̀ ti tán. Ó ní rárá, ọmọ àwọn funfun yẹn ni dúdú wọ̀nyí, funfun lè ṣì wà nínú wọn. Inú bí mi. Hábà! Mo ní bí dúdú méjì bá bí funfun, èmi ni màá ru àgò wọn dé ibùdókọ̀ rélùwéè.

Ó kó ẹyin mọ́kànlá sábẹ́ àgbébọ̀ dúdú kan. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, igbe rẹ̀ ló jí mi: "Ìyá Bọ́lájí, ẹ wá wò ó! Wọ́n wà níbẹ̀!"

Mẹ́sàn-án ló pa. Méje dúdú kirikiri, méjì mọ́ bíi wàrà. Mo gbé ọ̀kan, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àṣé dúdú kàn bo funfun mọ́lẹ̀ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ lóòótọ́. Bí mo ṣe ru àgò nìyẹn, tí àwọn Hausa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Suwebat padà dé láti Ìlọrin, ó ní ara ìyá ti ń le. Ó ní bí òun ṣe ń ro ẹjọ́ ẹkún òun, ṣe ni màmá ń rẹ́rìn-ín, tó ní:

"Ta ló sọ fún ọ pé funfun ni mo fi bẹ̀rẹ̀? Dúdú méjì ni mo rà ní Ọjà Ọba kí n tó bí ọ."

Èmi àti Suwebat wo ara wa. A ti sunkún, a ti jà, lórí ohun tí màmá ti mọ̀ kó tó bí Suwebat.