Díìsì Tó Wà Lórí Ààrò Ìyá Tíṣà

Lọ́sàn-án àná, ọmọ ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ka orí tábìlì nínú ilé ìdáná mi, ó tẹ nǹkan kan lára rẹ̀, ó sì kẹ́yìn sí i bí ẹni tó gbé omi kaná. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà ti gbó, òun ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí inú rẹ̀ ń hó wùù, òórùn ike tí ooru mú sì kàn mí nímú. Òórùn yẹn ni ò jẹ́ kí n parí ẹ̀fọ́ tí mò ń já. Mo ní, "Díìsì rẹ̀ dà?" Ó yíjú wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Díìsì wo, Màmá? Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń bọ̀."

Ẹ rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ ò mọ ohun tí díìsì kan ṣe fún wa.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ṣakí, lẹ́bàá àpáta, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń la ètè ọmọdé títí tí ẹ̀rín fi ń di ìyà. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Lọ́jọ́ tó dé, kò sẹ́ni tó ráyè ẹ̀kọ́. Wọ́n gbé e sí yàrá ìkàwé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lójú bí ìyàwó, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé tọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ ní bàtà tí à bá bọ́, ṣùgbọ́n a máa ń nu àtẹ́lẹsẹ̀ wa mọ́ koríko kí á tó wọlé. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́, tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Gáná, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i: "Ẹ kú ìrìn o, àlejò." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó yá, èmi náà a máa kí i, bí mo bá ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Olùkọ́ kan péré ló mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ ìlú wa ni, Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ló mú ọmọbìnrin rẹ̀, Morẹ́nikẹ́, wá sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyá rẹ̀ sì di Ìyá Tíṣà. Èmi àti Morẹ́nikẹ́ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọmọ Ìbàdàn tó ń sá fún òbúkọ ni. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ èso ẹmi, èyí tí a fi ń ṣe òrí, tó pọ́n dáadáa lábẹ́ igi, òun sì kọ́ mi ní títẹ kọ̀ǹpútà. A kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà gan-an, èèwọ̀ ni. Páálí ṣúgà ló gé, ó ya gbogbo lẹ́tà sí i bí wọ́n ṣe tò wọ́n sára ẹ̀rọ, a ó sì gbé e lé orúnkún, a ó máa tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi káṣú. Mo ti kọ orúkọ gbogbo ará ilé wa sórí páálí yẹn, láìsí lẹ́tà kan tó hàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìdáná Ìyá Tíṣà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ilé amọ̀ ni, ó wà lẹ́yìnkùlé, ògiri rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Lókè ààrò, wọ́n fi igi ṣe àjà kan, orí àjà náà ni irúgbìn máa ń gbé. Ibẹ̀ ni ṣírí ọkà bàbà pupa tí ìyá yìí ń gbìn lọ́dọọdún máa ń wà. Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti gbà á, ìyẹn náà gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ tirẹ̀. Ìyàn ìbáà mú, a kì í sè é, a kì í tà á. Èéfín kì í jẹ́ kí kòkòrò dé ibẹ̀, ooru kì í jẹ́ kí ó bu. Bí ilé kan bá ní ohun tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́, orí ààrò ló ń lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan o. Ọgbọ́n tó mú ìlú wa la ìyàn já ni.

Kọ̀ǹpútà náà kò dá mọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá jí. Ètò kan ló ń darí rẹ̀, inú díìsì kan sì ni ètò náà ti wọ inú ẹ̀rọ, díìsì yìí nìkan ni a sì lè fi dá a padà bí ó bá bàjẹ́. Díìsì náà dúdú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó rọ̀, ó sì wà nínú àpò pépà funfun. Òkè òkun ni òun àti ẹ̀rọ ti jọ wá. Tíṣà ti fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí díìsì òfìfo rà títí dé Ìsẹ́yìn. Ní yàrá ìkàwé wa, ikán ti jẹ ìwé ìtàn tán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ti ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé díìsì náà wálé fún ìyá rẹ̀. Ojú èmi àti Morẹ́nikẹ́ ni.

"Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú èyí. Kí ikán má débẹ̀, kí eku má débẹ̀, kí omi má kàn án. Bó bá bàjẹ́, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn."

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Mo mọ ibi tí irú ẹ̀ ń gbé."

Tíṣà kò mẹ́nu ba iná. Ta ni yóò ti rò ó láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má fi ike sórí ààrò?

Oṣù bíi mélòó kan kọjá. A wá gbọ́ pé àwọn ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n ń wá ilé ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo ọmọ Òkè-Ògùn yóò ti máa wá kọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà tiwa bá lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé wá, yóò dúró sí Ṣakí, Tíṣà náà yóò sì dúró tì í. Bí kò bá lè ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á sì dá Tíṣà padà síbẹ̀. Ètò tó wà nínú rẹ̀ ti gbó jù fún iṣẹ́ wọn, ni Tíṣà bá lọ ra díìsì tuntun ní Ìbàdàn tí yóò sọ ọ́ di ti ìgbàlódé. Morẹ́nikẹ́ kò fẹ́ padà sí ibi tí ìyá rẹ̀ kú sí. Ó sọ fún mi lábẹ́ igi káṣú, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí páálí. "N ò fẹ́ lọ o." Èmi náà ò fẹ́ kó lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá máa dé, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Tíṣà ti díìsì tuntun bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Àwọn lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń sáré lójú rẹ̀, ó ń pa ti àtijọ́ rẹ́, ó ń kọ tuntun. A dúró lójú fèrèsé, a ò fẹ́ mí sókè. Lójijì ló dúró. Tíṣà kà á fún wa: ó ní kí á kọ́kọ́ fi díìsì àkọ́kọ́ han òun, kí òun lè mọ̀ pé àwa la ni òun lóòótọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ó wà nílé." Ó ké sí bàbá olùṣọ́ pé kí wọ́n má pa jẹnẹrétọ̀ o, nítorí kọ̀ǹpútà ti kúrò níbi tó wà, kò sì tíì dé ibi tó ń lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èmi àti Morẹ́nikẹ́ sáré tẹ̀ lé e nínú eruku.

Ìyá Tíṣà ń ro ọkà lọ́wọ́. Bí ó ti gbọ́ ohun tí a wá fún, inú rẹ̀ dùn. Ó fa àpótí wá, ó gun un, ó nawọ́ sáàárín ṣírí ọkà bàbà pupa. "Ẹ wò ó, kòkòrò kankan ò fẹnu kàn án." Òótọ́ ló sọ. Kòkòrò kò fẹnu kàn án. Àpò pépà ti di dúdú, díìsì inú rẹ̀ sì ti ká kò bí ewé gbígbẹ.

Tíṣà gbà á, ó rọra gbìyànjú láti nà án, ó dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe òun ni?"

"Òun ni, Ìyá."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Ooru ni, Ìyá. Kò sí nǹkan. Ẹ ṣeun."

Mi ò tíì gbọ́ "ẹ ṣeun" tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ló ní kí á fi ọlọ tẹ̀ ẹ́ kó lè nà. A gbé ọmọ ọlọ lé e, gbogbo wa jókòó yí i ká, a ń wò ó bí aláìsàn. Nígbà tí a gbé e padà sí ilé ẹ̀kọ́, kọ̀ǹpútà gbà á sẹ́nu, ó kùn, ó sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Tíṣà tún un ṣe títí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán. Ojú ẹ̀rọ ṣú. Bàbá olùṣọ́ bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

Àwọn ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá ẹ̀rọ tí kò lè jí. Wọn ò bínú rárá. Wọ́n jẹun, wọ́n ní a kú ìtọ́jú, wọ́n sì gbé e lọ. Aṣọ funfun rẹ̀ nìkan ló kù sórí tábìlì.

Àwọn aládùúgbò wá pẹ̀tù sí Ìyá Tíṣà lọ́kàn. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó wò wọ́n. "Agbè gan-an ló fọ́. Ọwọ́ mi ni mo sì fi fọ́ ọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Tíṣà àti Morẹ́nikẹ́ ń lọ, Morẹ́nikẹ́ fi páálí wa lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa fi kọ nǹkan sí òun. Mo ń kọ ọ́ lóòótọ́, lójoojúmọ́, orí páálí ni. Ẹ wo irú ọgbọ́n ọmọdé. Mi ò tíì fojú kàn án láti ìgbà náà, mi ò sì mọ̀ bóyá ó wà láyé.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Tíṣà ò fi nǹkan kan sórí ààrò mọ́. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọwọ́ òun ò tún ní gbé ohun iyebíye sórí iná láyé. Ó kó ọkà bàbà pupa rẹ̀ sínú ìkòkò, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ iyàrá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tó ṣí i, ìyẹ̀fun ni kòkòrò fi sílẹ̀ fún un. Ó lọ ra irúgbìn mìíràn lọ́jà Ìwéré-Ilé, funfun ni. Mo ti wá irú èyí pupa yẹn láti Ìgbòho títí dé Òkakà, kò sẹ́ni tó ní in mọ́. Ìyá Tíṣà kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Àrùn tí wọ́n ní ó pa á, èmi ò gbà á gbọ́.

Páálí mi ńkọ́? Inú àpótí aṣọ ni mo fi í sí. Ikán jẹ ẹ́ pátápátá. Ká ní orí ààrò ni mo gbé e sí ni, ì bá wà dòní.

Ayé ti yí. Ẹ kì í wá díìsì mọ́, ilé ìdáná mi náà ò sì ní àjà, gáàsì ni mo fi ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi, ẹ̀rù ohun tó ti kúrò níbi tó wà, tí kò tíì dé ibi tó ń lọ. Mo pa ẹ̀fọ́ tì, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ọmọ yìí títí ojú rẹ̀ fi mọ́lẹ̀ padà.

Ọmọ náà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, nísàlẹ̀. "Ẹ wò ó, Màmá. Kò sí nǹkan kan tó sọnù."

Mo padà sídìí ẹ̀fọ́ mi.