Yàrá Mẹ́rin Lókè, Kò Sí Ilẹ̀ Nísàlẹ̀

Mílíọ̀nù mẹ́rin owó sẹ́fà ni Yacoubou kà fún Kabirou tó ta ilé fún un, lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé, ó sì ku mílíọ̀nù márùn-ún. Mẹ́rin tó san yẹn kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Oko kajú tí bàbá rẹ̀ gbìn sẹ́yìn Manigri ló tà, gbogbo rẹ̀ pátá, àti igi àti ilẹ̀. Ẹni tó bá ta oko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò tún ní oko míì tí yóò tà. Kí ohun tó fi owó náà rà má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni gbogbo àdúrà rẹ̀.

Ohun tó rà náà dára. Yàrá mẹ́rin àti pálọ̀ ńlá ni, lórí ilé alájà kan ní Bassila, ní àdúgbò tó jẹ́ pé kò tíì pẹ́ tí oko ẹ̀gẹ́ àti igi òrí kún ibẹ̀. Ní báyìí, ilé tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì, iná mànàmáná ti dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń wá ilé rà níbẹ̀. Karó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá, ó ń dán bí omi inú àwo. Omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé ìwẹ̀. Ọjà Bassila ni Moufidatou ìyàwó rẹ̀ ti ń ta aṣọ, àwọn onízémì ló sì ń fi alùpùpù gbé e láti Manigri lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀. Yacoubou ti ṣírò rẹ̀: owó zémì ọdún mẹ́wàá á ra màlúù mẹ́fà. Bí wọn ò bá sì ra ilé náà báyìí, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọwọ́ wọn kò ní tó o mọ́.

Ìṣirò náà pé. Ẹ̀rù nìkan ni kò kà mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀ ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Bó bá dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ karó náà wò bí ẹni tó ń gun afárá onígi. Habibatou, olùkọ́ kan tó ra abala ìsàlẹ̀, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ Habibatou ni ilẹ̀ àwọn Kabirou wà. Ìwé àdéhùn sọ ọ́ gbangba: ògiri, àjà àti àtẹ̀gùn ni Yacoubou rà. Àgbàlá jẹ́ ti ìdílé tó nilẹ̀.

"Ìyá Salma," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "bí ilé yìí bá wó, kí ló kù tí a ó nawọ́ sí pé tiwa ni?"

"Ẹ jẹ́ kí ire máa ti ẹnu yín jáde, Bàbá Salma. Ṣé ilé ń wó ni?"

"Mo ní bó bá wó."

"Bó bá wó, àwa náà á wà nínú rẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?"

Moufidatou bú sẹ́rìn-ín. Yacoubou kò rẹ́rìn-ín.

Ní Manigri, kò sẹ́ni tí kò mọ òfin yìí: àlejò tó tọrọ ilẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Wọ́n á wa iṣu kúrò nílẹ̀ lọ́dún. Igi á dúró, ẹni tó gbìn ín á sì sọ lọ́la pé ilẹ̀ ti di tòun. Yacoubou ti bá àwọn àgbà jókòó rí, níbi tí wọ́n ti lé àlejò kan tòun tìyàwó tọmọ, nítorí kajú tó rì sẹ́yìn ebè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn lo ohun tó mọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó mú hóró kajú mẹ́ta, ó rì wọ́n sí igun àgbàlá lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pa dé. Hóró mẹ́ta, kò tó fránkì mẹ́wàá. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ti so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ èèkàn.

Ọ̀kan hù. Ó ti ga dé orúnkún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Habibatou ló pè é lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ta ló gbin kajú yẹn?"

"Kajú wo?"

"Háà, ẹ̀yin ará Manigri! Kajú wo ló tún wà ní àgbàlá yìí, yàtọ̀ sí èyí tí ẹnìkan ń rọra bomi rin lẹ́yìn àtẹ̀gùn yín?" Ẹnu rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ kò ṣe é. "Bàbá Mamadou, ẹ̀gbọ́n bàbá Kabirou, wá wò ó láàárọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn dúró síwájú rẹ̀, ó pẹ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

Ìdákẹ́ àgbà a máa burú ju ariwo rẹ̀ lọ. Ó pe Kabirou lórí fóònù. Ó ń dún, kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Ó rò ó pé kí òun fa igi náà tu kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá a níbẹ̀, wọ́n á ní ó mọ̀ pé olè lòun jà.

Gbólóhùn kan sì wà nínú ìwé àdéhùn: bí ẹni tó ra ilé bá fọwọ́ kan ilẹ̀ ìdílé, àdéhùn ti já, owó tó san kò sì ní padà. Wọ́n kà á sí i létí lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé. Ó ní kí lòun fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ wọn ṣe?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Mamadou dé pẹ̀lú Kabirou àti àgbà ìdílé kan. Wọ́n tẹ́ ẹní síbi àtẹ̀gùn. Ọmọ ẹ̀yà Anii, àwọn onílẹ̀ Bassila, ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ó ti ń ra iṣu ní Manigri láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ èdè wọn dáadáa.

"Yacoubou."

"Bàbá."

"Ní Manigri, bí àlejò bá gbin kajú sórí ilẹ̀ yín, kí lẹ máa ń ṣe fún un?"

Irọ́ wo ni yóò pa fún ẹni tó mọ̀?

"A máa ń lé e ni, Bàbá."

"Lọ́jọ́ kejì?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an."

Àgbà kejì rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. "Ó kúkú ti dájọ́ náà fún wa."

Moufidatou kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gba ilẹ̀ yín. Ẹ̀rù ló ń bà á. Látìgbà tí a ti dé, oorun kò kùn ún. Nínú ilé tó fowó rà, ńṣe ló ń rìn bí ẹni tó wá jalè."

Ojú ti Yacoubou débi pé kò lè gbé orí sókè.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bàbá Mamadou bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Oko bàbá mi ni mo tà. Kò síbì kan mọ́ tí mo lè fẹsẹ̀ tẹ̀ kí n ní tèmi ni."

Kabirou ń wo bàtà ara rẹ̀.

Bàbá Mamadou nawọ́ sí kajú náà. "Fà á tu."

Yacoubou kúnlẹ̀, ó fà á. Kajú kì í ṣe ẹ̀fọ́, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ. Ó fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó yọ tán, ó gbé e síwájú bàbá náà.

"A ò ní lé ọ," ni Bàbá Mamadou wí. "Ẹni tẹ́rù ń bà kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ọkàn tiwa náà kò balẹ̀ sí ọ mọ́. Owó tó kù, tí a ní kó o san láàárín ìgbà ìkórè kajú méjì, a fẹ́ ẹ kí iṣu tuntun tó dọ́jà. Bí kò bá pé, kó o kó ẹrù rẹ, bí ìwé ṣe wí."

"Bàbá, kò tó oṣù méjì mọ́!" Kabirou fúnra rẹ̀ ló pariwo.

"Èmi kọ́ ni mo gbin igi."

Kabirou kọ ọ́ sábẹ́ ìwé àdéhùn. Yacoubou fọwọ́ sí i, erùpẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Moufidatou bu omi fún un lókè láti fi ṣanwọ́. "Kí ló wà lọ́wọ́ wa, Bàbá Salma?"

"Màlúù méjì. Alùpùpù mi. Aṣọ ọjà rẹ."

"Ẹ ka ilé Manigri mọ́ ọn."

"Ti gbogbo ọmọ bàbá mi ni. Ta ni màá tà á lójú ẹ̀?"

"Èló ló wá kù?"

"Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta."

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà, ó bẹ̀rẹ̀ látorí màlúù. Kò pé.