Àbúrò Mi Tó Máa Ń Lá Ìwé Wò

Bí ẹ bá wọ yàrá àwọn ọmọdé ní ilé ìkàwé wa lọ́jọ́ tí àpótí ìwé tuntun bá dé, tí ẹ wá rí obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń lá ẹ̀yìn ìwé bí ẹni ń lá ṣúgà, ẹ má sá o. Orí rẹ̀ pé. Àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi ni, mi ò sì lè sẹ́ ẹ, ojú wa jọra jù.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yan ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, àti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n rìn débi pé apá ìyá wọn ò ká wọn mọ́. Ìyá Ìwé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní ohunkóhun tí ọmọdé bá máa fi ìwé ṣe, ó yẹ kí àgbàlagbà kan ti kọ́kọ́ fi ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lá a, kó lè mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Ó máa ń jù ú sílẹ̀ láti orí tábìlì. Ó máa ń jókòó lé e lórí, ẹ jẹ́ kí n sì sọ ọ́ fún yín pé àbúrò mi kì í ṣe èèyàn fúyẹ́. Á gbé ìrọ̀rí sí ìbàdí bí ẹni gbé ọmọ, á wá fi ọwọ́ kan ṣí ìwé náà. Èyí tí kò bá ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí, ó ti kùnà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni á kà á sókè, á tún un kà, á tún un kà. Bó bá ti lè sú òun fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. "Ìyá tó máa ka eléyìí ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá ńkọ́? Ṣé ká pa á ni?"

Ní tèmi, iṣẹ́ aránṣọ ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀ kó tó fà mí wá síbẹ̀ pé kí n wá máa bá òun lẹ ìwé. Èyí tí ọmọ bá ti gé jẹ, èyí tí wọ́n bá ti rì sínú omi ìwẹ̀, orí tábìlì mi ló ń bọ̀. Ìjà wa kò ju ọ̀kan lọ: àwọn ìwé tó ní ilẹ̀kùn kéékèèké nínú, tí ọmọ á ṣí láti rí ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ràn wọn bí ẹyinjú. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn wọn, wọ́n sì máa ń já ilẹ̀kùn wọn lọ sílé. Mo ti lẹ ilẹ̀kùn ilé ajá, mo ti lẹ ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, débi pé gọ́ọ̀mù ni mò ń rí lójú àlá. Bí mo bá ráhùn, á ní, "Àǹtí mi, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Èmi ni àáké," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bíríkìlà kan wọlé tọ̀ wá wá. Èèyàn gàgàrà ni, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ó fajú ro bí onílé tó wá lé ayálégbé jáde. Ọ̀gá ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Ọ̀gá ò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síbi tí a kó ìwé pẹ́pẹ́yẹ sí, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa.

"Màmá, ẹ gbà mí," ni bíríkìlà sọ fún àbúrò mi. Ó ní nọ́ọ̀sì ni ìyàwó òun, ó ti lọ kàwé sí i ní ìlú mìíràn, ó di ìparí ọdún kó tó dé. Ìyàwó náà ló máa ń kàwé fún ọmọ wọn kó tó sùn. Láti ìgbà tó ti lọ, bí bàbá bá ti lanu báyìí, ọmọ á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé, á ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni màmá òun ṣe ń kà á. Á sunkún lọ sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni oorun á ti gbé e lọ, lórí ilẹ̀ lásán.

"Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́," ló wí. "Mo ṣe ohùn pẹ́pẹ́yẹ. Mo tiẹ̀ ṣe ohùn obìnrin. Ó ní kí n dákẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ọmọ mi ò fẹ́ mi. Ó ń dùn mí gan-an."

Àbúrò mi ò bi í léèrè ọjọ́ orí ọmọ. Ohun tó bi í ni pé, kí ni Ọ̀gá máa ń dúró wò bí wọ́n bá ń lọ lójú ọ̀nà. Bíríkìlà ní ewúrẹ́ ni. Kò sí ewúrẹ́ tó máa kọjá tí Ọ̀gá ò ní dúró kí. Ni Ìyá Ìwé bá kó wọ abẹ́ tábìlì, ó fa ìwé kan jáde tó nípọn bí ègé búrẹ́dì, tí wọ́n ya ewúrẹ́ kan tó dé àkẹtẹ̀ síwájú rẹ̀. "Màmá rẹ̀ ò ka eléyìí fún un rí," ló wí. "Máa mú un lọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ tí bíríkìlà ti padà dé. "Màmá, ẹ má bínú o. Àwọn tó tẹ ìwé yìí gbàgbé ọ̀rọ̀. Àwòrán nìkan ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ọdún tí wọn kì í dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà fún wa. Ẹnì kan tiẹ̀ bá wa fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sínú ọ̀kan rí, èmi náà ni mo jókòó pa á rẹ́.

"Wọn ò gbàgbé," ni àbúrò mi wí. "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ìwọ ni wàá sọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Búlọ́ọ̀kù ni mò ń tò, Màmá. Èmi kì í ṣe onítàn."

"Bí àwọn lébìrà rẹ bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ṣé wọn kì í parọ́ fún ẹ?"

"Háà! Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má pa á. Irọ́ tiwọn máa ń nírù!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ti gbọ́ èyí tó pọ̀ tó. Lọ pa tìẹ."

Ó lọ. A ò gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọkàn àbúrò mi ò sì balẹ̀. Á mú ìwé tuntun lọ́wọ́, á gbàgbé láti lá a. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé òun ti fi kún ìṣòro ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní kó yéé dààmú, pé ewúrẹ́ inú ìwé ò kan ẹnikẹ́ni pa rí. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, èmi náà ti ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni bíríkìlà tó dé, nígbà tí mo ti wọ bàtà, tí mo ti gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ku díẹ̀ ká ti ilẹ̀kùn. Kò kí wa tán tó fi figbe ta. "Màmá, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Ọ̀gá!" Ọ̀gá dúró tì í, ó gbá ìwé mọ́ àyà, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí adájọ́ ṣe ń wo ọ̀daràn.

Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun sọ pé àkẹtẹ̀ tí ewúrẹ́ náà dé síwájú ìwé ló sọnù, pé àkẹtẹ̀ yẹn ló ń wá kiri tó fi wọ ilé onílé. Ọ̀gá tẹ́tí, ó gbọ́ ọ dópin. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òun ti gbàgbé, òun ní ewúrẹ́ wá kí ìyá àgbà rẹ̀ ni. Ọ̀gá gbá ìwé lábàrá: "Irọ́! Àkẹtẹ̀ ló ń wá!" Lọ́jọ́ kẹta, òun rántí àkẹtẹ̀, ṣùgbọ́n òun gbàgbé pé ewúrẹ́ sín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹni tó ti rẹ̀ láti ibi iṣẹ́, Màmá! Ó ní kí n padà sẹ́yìn kí n wá sín. Mo sín. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe sín lánàá!"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. "Ṣé ó ṣì ń lọ sùn sẹ́nu ọ̀nà?"

Bíríkìlà rò ó wò. "Rárá. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Ṣùgbọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ mi, á kẹ̀yìn sí mi. Ìjà yẹn náà la ṣì ń jà."

"Ìjà yẹn kọ́ o. Ìtàn ìyá rẹ̀ ló ń gbèjà nígbà yẹn. Tìẹ ló ń gbèjà báyìí. Kò fẹ́ kí o bà á jẹ́ ni. Jókòó, kí o bi í bó ṣe lọ."

Ọkùnrin náà wo àga ọmọdé, ó wo ara rẹ̀. Ó jókòó náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Kí ni ewúrẹ́ yìí ń wá?"

Ọ̀gá wò ó, ó wò ó. Ó wá gun orí itan rẹ̀, ó ṣí ìwé.

"Àkẹtẹ̀."

"Àkẹtẹ̀ mà ni o. Ó wá dórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe kí ni?"

"Sín."

Bíríkìlà sín, gíláàsì fèrèsé mì. Ọ̀gá wá mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ọmọ ń sọ, bàbá ń ṣe é. Wọ́n dé ibi tí ewúrẹ́ ti gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, tí onílé gbé ìgbálẹ̀ wọlé, ni ohùn ọmọ bá ń lọ sílẹ̀. Orí rẹ̀ wọ abẹ́ àgbọ̀n bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó sùn lọ fọnfọn.

Bíríkìlà ò mira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì rí ọwọ́ fi nù ún, ọmọ ló fi méjèèjì gbé. Àbúrò mi bá a nù ún. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì yẹ kí n ti délé, àmọ́ ọ̀rọ̀ onílé àti ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti gbà mí lọ́kàn.

"Bàbá Ọ̀gá," ni mo rọra sọ, "ewúrẹ́ yẹn wá ńkọ́? Ṣé wọ́n nà án ni?"

Ó gbójú sókè wò mí, ó tún wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. "Màmá àgbà, mi ò tó bẹ́ẹ̀ o," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá jí ná."

Mo gbé báàgì sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, à ń dúró dè é.