Tahirah Wá Ibi Tí Ọ́ìlì Ti Ń Jò

Ọdún kejì lẹ́yìn tí Ṣàmsúdéènì kú ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára mọ́tò tó fi sílẹ̀. Tahirah, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń gbá àgbàlá wọn ní Fìdítì. Àbàwọ́n dúdú kan wà nílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó bu yẹ̀pẹ̀ lé e, ó gbá a dànù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òmíràn ti wà níbẹ̀.

Tahirah ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì kó tó fẹ̀yìn tì. Ikrimah, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún òun àti ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ilé náà, ọ̀kan ṣoṣo ni Tahirah ń ṣí. Bó bá se ọbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi jẹ ẹ́. Mọ́tò yìí ló fi ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ́nà Akinmorin, òun náà ló fi ń lọ kí àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù tó mọ̀ ọ́n. Bí mọ́tò bá dúró, ògiri ilé ló kù tí yóò máa wò.

Obadiah ni mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún un ṣe láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Ilora ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó yẹ mọ́tò náà wò, ó pààrọ̀ síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọ́ìlì tún ń kán. Ó tún un pààrọ̀. Ó tún ń kán. Nígbà kẹta, Obadiah ń fi àkísà nu ọwọ́ ṣáá, kò fẹ́ wo ojú rẹ̀.

"Ìyá Ikrimah, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín," ó ní. "Àfi ká sọ ẹ́ńjìnnì yìí kalẹ̀. Bá a bá sì sọ ọ́ kalẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò padà rí bó ṣe wà. Ká ní tèmi ni, màá tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin."

Tahirah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ padà sílé.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tó kírun àárọ̀ tán, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà, ó jókòó, ó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ nígbà tó ń kọ́ wọn: omi kì í dédé gòkè. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ gbójú sókè, òkè ló ti ń bọ̀. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé, ibi tí ọ́ìlì yìí ti ń kán, ṣé ibẹ̀ náà ló ti ń jò? Ìsàlẹ̀ ni Obadiah ń wò látọjọ́ yìí. Ta ló ti wo òkè?

Ó dìde. Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, èyí tí kò tíì lè fún ẹnikẹ́ni. Apá ẹ̀wù náà gùn jù ú lọ, ó ká a sókè. Ó bu kẹrosíìnì sínú agolo, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ́ìlì àtijọ́ àti eruku ti dì mọ́ ọn débi pé èèyàn kò lè mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jò yàtọ̀ sí tàná. Ó nù ún gbẹ, ó jẹ́ kí oòrùn pa á. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ mú àtíkè tó fi ń para, ó bù ú wọ́n gbogbo oríkèé ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi funfun bíi láfún. Ibikíbi tí ọ́ìlì bá ti jáde, ipa rẹ̀ kò ní ṣàì hàn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ èèyàn méjì ni iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan ní láti jókòó sídìí ọkọ̀ kó máa fẹsẹ̀ tẹ iná kí ẹ́ńjìnnì lè máa ké, ẹnì kejì ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kó máa wò. Láyé Ṣàmsúdéènì, Tahirah ló ń jókòó.

"Àlàkẹ́, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀," ọkọ rẹ̀ máa ń wí láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ó tó. Tún un tẹ̀."

Àlàkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ìyá Ikrimah ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, Tíṣà ni àwọn tó kọ́ níwèé ń pè é. Ó ti di ọdún méjì tí etí rẹ̀ ti gbọ́ Àlàkẹ́ kẹ́yìn.

Ó wo ẹnu géètì. Àwọn èèyàn ti lọ sóko, ọ̀kadà kan kọjá, kò dúró. Ó wọ inú mọ́tò, ó ṣáná sí i, ó sáré jáde wá wò. Kò rí nǹkan kan. Ó padà wọnú mọ́tò, ó tẹ iná, ó tún sáré jáde. Kó tó débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣe bẹ́ẹ̀, títí orúnkún fi ń dùn ún. Ibi tó ti fọwọ́ ti mọ́tò tó ń mí gúlegúle ló ti rí wáyà kan tó wá láti ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ iná sórí ẹ́ńjìnnì. Ó fi ìka fà á díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké. Ó tún fà á, ó tún ké. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yà á lẹ́nu, ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì há mọ́ ara mọ́tò, ojú kò tó o. Ó lọ mú dígí tó fi ń wo ìbòrí rẹ̀, ó tì í bọ ibẹ̀. Nínú dígí náà, láàárín àtíkè funfun, ó rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ ọmọrí òkè ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ló ń gbà lọ sí ìdí síìlì tí Obadiah pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ló ti wá ń kán sílẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì ló gbó, ìyẹn rọ́bà abẹ́ ọmọrí náà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba àárín irin méjì jáde.

"Mo rí ọ!" Tahirah pariwo. Ó yíjú padà láti sọ fún ẹnì kan. Adìẹ kan ló ń ta ilẹ̀ nídìí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi sípánà ọkọ rẹ̀ tú bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ṣí ọmọrí náà. Gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣẹ́ sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó wé àfọ́kù rẹ̀ sínú bébà, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí Ilora lọ́jọ́ Ajé láti ra irú rẹ̀.

"Mẹkáníìkì yín ńkọ́, Mà?" ẹni tó ń tà á bi í.

"Èmi náà ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣeré.

Nígbà tó délé, ó ha ojú irin méjèèjì mọ́, ó tẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sílẹ̀, ó dé ọmọrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá bóòtù padà. Ó ku ẹyọ kan. Ó yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún ko, ko, níbì kan lábẹ́ lọ́hùn-ún, ó dákẹ́. Tahirah tẹ́ ẹní, ó dùbúlẹ̀, ó wò. Ó fọwọ́ tá síhìn-ín, ó fọwọ́ tá sọ́hùn-ún. Ó wá a ju wákàtí kan lọ. Níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti táyà, ẹkún sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

Òun náà mọ̀ pé èèyàn kì í sunkún bẹ́ẹ̀ nítorí bóòtù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ilé kún fọ́fọ́, wọ́n ní kó mọ́kàn le, ó sì mọ́kàn le. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹkún náà kò rí àyè jáde títí di ọ̀sán ọjọ́ yìí.

Ó ń sun ún lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọ́ìlì yí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Bó ṣe fẹ́ dìde ló rí bóòtù náà lórí irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó mú un, ó dá a padà, ó fún gbogbo wọn díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kò fún wọn pa, nítorí rọ́bà tuntun kò fẹ́ ipá.

Ó tẹ́ pàálí sábẹ́ mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀, eruku nìkan ló rí lórí rẹ̀. Ó pe Ikrimah.

"Mọ́mì, mọ́tò wo? Ẹ ò ṣe pe Obadiah? Ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbi iṣẹ́, màá pè yín padà."

Kò pè lọ́jọ́ náà.

Tahirah wa mọ́tò lọ sí Ilora. Obadiah ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti orí bọ ibẹ̀, ó rí rọ́bà tuntun.

"Ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀?"

"Ẹ̀yìn ni."

"Mi ò wo ẹ̀yìn, Mà. Ẹ foríjì mí." Ó nàró. "Ta ló ń bá yín tẹ iná?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Obadiah wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

Bó ṣe ń jáde kúrò ní Ilora, obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó ṣe bí takisí ni. "Akinmorin, Mà?"

"Wọlé."

Obìnrin náà jókòó síwájú, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan. Ó ní ẹ́ńjìnnì yìí mà dákẹ́ rọ́rọ́ o. Tahirah sọ fún un pé òun lòun tún un ṣe.

"Ẹ̀yin fúnra yín? Háà! Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Tahirah sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: àtíkè, wáyà, dígí, títí kan ẹkún. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Ó dẹ ìrìn mọ́tò náà kí wọ́n má baà tètè dé.

Ní Akinmorin, obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Tahirah ń wò ó títí ó fi yà wọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí pé òun kò bi í ní orúkọ. Ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọjú mọ́tò sí ọ̀nà Fìdítì.