Bàbá Díẹ̀díẹ̀

Inú bí mi lónìí! Obìnrin kan kí mi l'Ápòmù: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Díẹ̀díẹ̀."

Èébú ni wọ́n fi orúkọ yẹn bú mi nígbà tí mo ṣe kánsẹ́lọ̀ n'Ìkirè ní 1988.

Apá kan nínú àwọn ará ìlú ní kí n ṣèlérí iná fún gbogbo ìlú, apá kejì ní kí n bú ìjọba.

Mo ní, "Àdúgbò kan ló máa kọ́kọ́ níná, a ó sì máa jíhìn fún yín lóṣooṣù. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ ìjíhìn, ìyàwó mi nìkan ló wá. Ó jókòó síwájú: "Kánsẹ́lọ̀, ẹ máa wí. À ń gbọ́."

Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó mi ti papòdà. Mo délé, kò síná, kò sẹ́ni tí mo máa rò ó fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ "À ń gbọ́" sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún mi.