Gbogbo Fíìmù Ni Dádì Mi Ti Máa Ń Kú

Òórùn eruku tó ń gbóná lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Tẹlifíṣọ̀n wa ti gbó. Bí a bá tàn án, ó di ìgbà tí inú rẹ̀ bá gbóná dáadáa kí àwòrán tó dúró, nítorí náà Dádì kì í fi falẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á tàn án, wọ́n á gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn jù, òórùn eruku náà á sì gba gbogbo ilé kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ni fíìmù tí wọ́n ń retí máa bẹ̀rẹ̀.

Òkè lọ́hùn-ún ni fúláàtì wa wà, nínú àwọn ilé kọnkéré tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Thamesmead ní London nígbà náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀, ẹ ó rántí adágún omi ìsàlẹ̀ ilé, àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń jà lórí búrẹ́dì, àti afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú odò Thames wá, tó ń wọlé bíi pé òun náà ní kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀ Sátidé, Mọ́mì máa ń mú mi lọ sí ọjà Woolwich láti ra ẹja àti ata. A ó gba Powis Street kọjá, Mọ́mì á máa fojú ra aṣọ tí wọ́n gbé sẹ́yìn gíláàsì. A ó wọ bọ́ọ̀sì padà, àpò ẹja á wà lórí itan mi, omi rẹ̀ á sì máa kán sí ìbọ̀sẹ̀ mi. Bí mo bá fẹ́ dúró wo nǹkan ìṣeré, Mọ́mì á fà mí lọ́wọ́. "Jẹ́ ká máa lọ. Bàbá ẹ ò ní fẹ́ dá wo ikú ara wọn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kí Dádì tó di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, òṣèré fíìmù ni wọ́n. Kì í ṣe irú òṣèré tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri o. Ẹ rántí àwọn fíìmù ìgbà yẹn, èyí tí òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé máa ń wọ igbó Áfíríkà lọ, tó ń wá wúrà tàbí ọmọbìnrin tó sọ nù. Dádì mi ni ẹni tó ń ru ẹrù tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n wá kọ́ ní London. Òtútù ọdún àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wọn. Níjọ́ kan, ọkùnrin kan dá wọn dúró lójú títì, ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè ru àpótí lórí láìfọwọ́ dì í mú. Dádì ní ta ni kò lè ru àpótí? Báyìí ni wọ́n ṣe dé sítúdíò, tí wọ́n bá igbó ńlá nínú ilé. Inú ìkòkò ni àwọn igi ọ̀pẹ náà wà, páálí ni wọ́n fi ṣe òkè, odò náà kò sì ju ìbàdí lọ. Ṣùgbọ́n iná tó wà lókè pọ̀, ó sì gbóná. "Nígbà tí iná yẹn bà lé mi lẹ́yìn," Dádì máa ń sọ, "mo mọ̀ pé mi ò ní í padà sí kíláàsì mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọjọ́ yẹn ni ara mi kọ́kọ́ móoru."

Àwọn onífíìmù á fi òróró pa wọ́n lára kí wọ́n lè máa dán. Ìgbà mìíràn, wọ́n á ní Dádì kò dúdú tó, bẹ́ẹ̀ Dádì dúdú bíi kóró iṣin, wọ́n á tún fi ọ̀dà kùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa wọ́n. Ọ̀nì gbé wọn. Wọ́n já láti orí òkè. Ọfà wọlé sí wọn láyà. Fíìmù kan wà tí wọ́n ti kú lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n kọ́kọ́ kú gẹ́gẹ́ bí alágbàárù, wọ́n tún wá kú gẹ́gẹ́ bí jagunjagun tó pa alágbàárù náà. Mọ́mì a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ló fẹ́ bunijẹ?" Dádì á rẹ́rìn-ín. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà." Wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bẹ́ẹ̀ àwọn onífíìmù kò ránṣẹ́ pè wọ́n mọ́ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi.

Nílé-ìwé, mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń jókòó tì mí pé òṣèré ni Dádì mi. Ó lọ wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà, ó ní òun kò rí wọn. Mo ní ẹni tí ọ̀nì gbé ni. "Ẹni yẹn?" ló wí, ó sì padà sídìí àwòrán tó ń yà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba àdúrà kan ṣoṣo: kí Ọlọ́run jẹ́ kí n rí fíìmù kan tí Dádì kò ti ní í kú. Bí ìyẹn bá ṣòro, kí wọ́n tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo èyí tí a ti wò, wọn kò la ẹnu rí.

Nígbà ọlidé gígùn ọdún kan, Àǹtí Sáwù, àbúrò Dádì, wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn kò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí Dádì ti wọkọ̀ ojú omi. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì ti kú, Dádì kò sì lè lọ sílé sin wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nílé wa. Dádì mú wa lọ sí Lesnes Abbey, ilé ìjọsìn àtijọ́ kan tó ti wó, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó sórí ògiri àwókù, wọ́n ń wo London lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, fíìmù kan tí a kò wò rí bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Àǹtí Sáwù jókòó sórí àga, èmi wà nílẹ̀, Mọ́mì ń dín ẹja ní kíṣìnnì. Ewé mì, Dádì sì yọ jáde pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, wọ́n dí òyìnbó inú fíìmù náà lọ́nà, wọ́n fajú ro. Wọ́n la ẹnu. Ohùn Ìjẹ̀bú gidi ló jáde:

"Ìyá mi o! Èmi Rájí ni! Mo wà láàyè! Ara mi le, ebi ò pa mí! Ẹ má sunkún mọ́!"

Òyìnbó náà yìnbọn. Dádì ṣubú.

Mo fò sókè, mò ń pàtẹ́wọ́ pé Dádì sọ̀rọ̀, Dádì sọ̀rọ̀. Mọ́mì sáré dé, síbí ìdínja ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Bàbá Ṣẹ̀rí, kí lẹ sọ yẹn?"

Ilẹ̀ ni Dádì ń wò. "Dáìrẹ́kítọ̀ ní kí n fi èdè mi bú òyìnbó yẹn. Ó ní ohun tó bá wù mí ni kí n sọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Nígbà náà, mi ò tíì ránṣẹ́ sílé láti ìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo ní bóyá fíìmù náà á dé ìlú wa, bóyá ẹnì kan á gbọ́." Wọ́n mira. "Mi ò mọ̀ bóyá ó débẹ̀."

"Ó dé," Àǹtí Sáwù wí. "Bùọ̀dá, ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni?"

Wọ́n wá ròyìn rẹ̀ fún wa. Gbogbo ilé ti gbà pé Rájí ti kú sí ìlú òyìnbó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn géńdé àdúgbò sáré ti ilé sinimá wá, wọ́n ń pariwo pé Rájí wà nínú fíìmù, ó ń kí ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kò wọ ilé sinimá rí láyé wọn. Wọ́n da ìborùn borí, Àǹtí Sáwù di ọwọ́ wọn mú.

"Nígbà tí ẹ yọ láàárín ewé, Ìyá dìde dúró. Ẹ sọ̀rọ̀ tán, Ìyá dáhùn, wọ́n ní, 'Mo gbọ́ o, Rájí. Mo ti gbọ́.' Èmi rí ìbọn lọ́wọ́ òyìnbó yẹn. Mo yára fa ìborùn bo ojú Ìyá, mo ní ká máa lọ, ó ti parí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí fíìmù yẹn fi wà nílùú la lọ wò ó, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń bo ojú wọn. Ariwo tó ń dún, mo ní àrá ni. Títí Ìyá fi kú, Bùọ̀dá, wọn ò mọ̀ pé wọ́n yìnbọn fún yín. Ohun tí wọ́n ń sọ fáráyé ni pé ọmọ àwọn dí òyìnbó lọ́nà, òyìnbó ò sì lè kọjá."

Dádì dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ àbúrò wọn, wọ́n gbé orí lé e lórúnkún bí ọmọ kékeré.

"Tún un sọ," wọ́n ní. "Sọ ọ́ bí Ìyá ṣe sọ ọ́ gan-an."

Àǹtí Sáwù tún un sọ. Wọ́n tún un sọ títí ẹja fi jóná ní kíṣìnnì, Mọ́mì kò sì bínú.

Dádì ti lọ báyìí, Mọ́mì náà ti lọ. Wọ́n ti wó ilé wa, wọ́n ti kọ́ òmíràn síbẹ̀. Mo ti wá fíìmù yẹn títí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, n kò rí i, kò sì sí ohun tí n kò lè fi sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí Dádì nígbà náà lọ, etí tí mo máa fi gbọ́ ọ kì í ṣe etí ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́ mọ́. Ọmọ yẹn gbọ́ akọni tó dojú kọ òyìnbó. Èmi òní ń gbọ́ ọmọkùnrin kan tí òtútù mú, tó ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé ebi ò pa òun.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Calgary, ní Kánádà. Ó pè mí lánàá nígbà tí mò ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Harrow Manorway. Kí n tó bi í léèrè rárá, ó ti ní ara òun le. Mo ní kó dárúkọ ohun tó jẹ láàárọ̀ fún mi.